Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ibi Tí Ẹ Fẹ́ Kú Sí Sílẹ̀ ní England

Kí ẹ tó mú bírò, ẹ bi ara yín: ṣé ilé ni, ọsibítù ni, àbí ìlú baba yín? Tó bá jẹ́ ilé, yàrá wo? Ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ nílò bẹ́ẹ̀dì nísàlẹ̀, nítòsí ilé ìtọ̀. Ẹ ní kí dókítà kọ oògùn ìrora tí nọ́ọ̀sì yóò gún fún yín sílẹ̀ ṣáájú, kó ti wà nílé. Ìrora kì í dúró de ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ìwé tí ẹ fi ń sọ ìtọ́jú tí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n fún yín ló ta kókó jù. Òfin ọdún 2005 tí wọ́n ń pè ní Mental Capacity Act gba ẹni tó ti pé ọdún 18, tí orí rẹ̀ ṣì pé, láyè láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Tó bá kan ohun tó ń gbé ẹ̀mí ró, bí ẹ̀rọ tó ń báni mí, ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí kan, kí òun náà fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé ẹ kò fẹ́ ẹ “bí ẹ̀mí mi tilẹ̀ wà nínú ewu”. Bí gbólóhùn yẹn kò bá sí níbẹ̀, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ má tì í mọ́ àpótí o. Ẹ fún dókítà ní ẹ̀dà kan, ẹ fún àwọn ọmọ. Ọmọ tí kò mọ̀ yóò pe 999 lóru, wọ́n á sì gbé yín lọ sí ọsibítù.

Tó bá jẹ́ ìlú baba yín, ẹ tètè lọ: ọkọ̀ òfuurufú lè kọ ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára jù.