Bí Ìdílé Ṣe Lè Fi Jésù Sí Àárín Ọdún Kérésìmesì

Ọ̀pọ̀ òbí Kristẹni ló máa ń pinnu, bí oṣù Kejìlá bá ti ń kanlẹ̀kùn, pé ọ̀rọ̀ Jésù ni yóò ṣíwájú ohun gbogbo nínú ilé àwọn lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣẹ́jú pẹ́, àlejò ti dé, ìrìn àjò ti ya, ó ti rẹ ìyá, ọkàn bàbá kò balẹ̀ nítorí owó, àwọn ọmọ sì ń ka iye ọjọ́ tó kù kí wọ́n gba ẹ̀bùn. Nígbà tí ọjọ́ 25 yóò bá fi pé, Ẹni tí a ń ṣe ọdún ìbí rẹ̀ ti di ẹni tí a kàn dárúkọ nínú àdúrà oúnjẹ. Mi ò gbà pé àìnígbàgbọ́ ló ń fa èyí. Lúùkù 2:7 sọ pé inú ibùjẹ ẹran ni Màríà tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí, nítorí pé àyè kò sí fún wọn nínú ilé èrò. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni kórìíra wọn níbẹ̀. Ilé ti kún kí wọ́n tó dé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbà ọdún ṣe máa ń kún, nítorí náà, ẹ yan àyè Jésù kí ohunkóhun mìíràn tó wọlé.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Kọkànlá ló yẹ kí ẹ ti jókòó ti kàlẹ́ńdà. Nínú àwọn ìjọ tó ń ṣe Ádífẹ́ńtì, ìyẹn ìgbà ìmúrasílẹ̀ fún bíbọ̀ Olúwa, ọjọ́ Ìsinmi 4 tó ṣáájú Kérésìmesì ni wọ́n ń kà, èyí àkọ́kọ́ sì máa ń bọ́ sáàárín ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá sí ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá. Bí ìjọ tiyín kì í bá ṣe é, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá. Wákàtí tí gbogbo ilé ti máa ń wà lójú kan náà tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ mú, ìbáà ṣe ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun alẹ́ tán tí ẹnikẹ́ni kò tíì dìde. Ìṣẹ́jú 15 tó. Ìjọsìn wákàtí kan tí a fi tìtara bẹ̀rẹ̀ kì í sábà ré kọjá ọ̀sẹ̀ kìíní.

Ìhìnrere Lúùkù ni mo máa ń gba àwọn ẹbí nímọ̀ràn láti kà. Orí 24 ló ní, nítorí náà bí ẹ bá ń ka orí kan lálẹ́ láti ọjọ́ 1, ẹ ó parí rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 24. Èyí dára ju kí a máa ka ìtàn ìbí nìkan lọ, nítorí pé ọmọ tó bá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò mọ̀ pé ọmọ ọwọ́ inú ibùjẹ ẹran náà ni ó la ojú afọ́jú, òun ni wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú, òun náà ni ó sì jíǹde. Àwọn orí kan gùn. Orí 1 nìkan ní ẹsẹ 80. Bí àwọn ọmọ bá kéré, ẹ mú ẹsẹ 26 sí 38, níbi tí áńgẹ́lì ti wá bá Màríà, kí ẹ sì fi orin rẹ̀ tó wà ní ẹsẹ 46 sí 55 kún un.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kà á fúnra wọn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kà yóò fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò dé orí orúkọ Kíréníù, ahọ́n rẹ̀ yóò lọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò sì fẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó gbà á. Ìṣẹ́jú méjì tí a fi dúró dè é yẹn ni yóò máa rán an létí pé Bíbélì jẹ́ ti òun náà.

Lẹ́yìn kíkà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kàn, kì í ṣe ìwàásù. Ẹ lè bi wọ́n pé, “Ta ni ẹ̀rù bà nínú orí yìí?” tàbí pé, “Kí ni Jésù ṣe tí ẹ kò retí?” Kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn náà bi yín. Nínú ilé wa, ọmọ kan bèèrè lálẹ́ ọjọ́ kan pé ta ló gbọn koríko ẹran kúrò nínú ibùjẹ náà kí wọ́n tó tẹ́ Jésù sí i. Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa dákẹ́, a ń wo ọwọ́ ẹnìkan lọ́kàn wa, bóyá ọwọ́ Jósẹ́fù, tó ń gbọn eruku kúrò lára pákó nínú òkùnkùn, mo sì mọ̀ pé ìbí Olúwa kò tíì súnmọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti ń kà á.

Ohun tí ojú rí náà ń ṣèrànwọ́. Ní ọdún 1223, ní ìlú Greccio ní Ítálì, Francis ti Assisi ní kí wọ́n gbé ibùjẹ ẹran àti koríko wá, kí wọ́n sì mú màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá síbẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè fi ojú ara wọn rí ìnira tí wọ́n bí Jésù sí. Ní ọdún 1839, ní Hamburg ní Jámánì, Johann Hinrich Wichern, ẹni tó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìní, to abẹ́là sórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ onígi, àwọn ńlá 4 fún àwọn ọjọ́ Ìsinmi àti àwọn kéékèèké fún àwọn ọjọ́ tó kù, nítorí pé àwọn ọmọ náà kò yé bèèrè iye ọjọ́ tó kù kí Kérésìmesì dé. Kò bá wọn wí pé wọ́n ń ka ọjọ́. Ó sọ kíkà náà di ìdúródè Olúwa. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú abẹ́là 4 péré. Bí ẹ bá sì ní ère ibùjẹ ẹran nílé, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo títí di alẹ́ ọjọ́ 24, kí ọmọ tó kéré jù nínú ilé tó gbé Jésù sínú rẹ̀.

Ní ti ẹ̀bùn, ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ṣáájú nípa ohun tí agbára yín ká, kí ẹ sì mú ẹnìkan tí gbogbo yín mọ̀ pé ó wà nínú àìní, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn fún un, kì í ṣe ohun tó ti sú u. Kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò rẹ̀.

Èyí tó le jù ni ìjà inú ẹbí. Jésù sọ nínú Mátíù 5:23 àti 24 pé bí o bá mú ẹ̀bùn rẹ wá síbi pẹpẹ tí o sì rántí pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ, kí o kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan bá wà tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀ láti àárín ọdún, ẹ pè é kí ọjọ́ 24 tó pé, kí àwọn ọmọ sì mọ̀ pé ẹ pè é. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ ilé yín lọ́dún náà, ẹ má fi orin bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ dárúkọ ẹni tó lọ nínú àdúrà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ sunkún sunkún, nítorí àwọn tó wà nínú òkùnkùn ni Àìsáyà 9 ní wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ ńlá.

Bí àlejò tí kì í ṣe onígbàgbọ́ bá wà nílé, ẹ pè é síbi ìjọsìn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ má fi àdúrà bá a wí.

Ní ọjọ́ ọdún gan-an, ilé ìsìn ni kó ṣíwájú, kí ẹ sì ka Lúùkù 2:1 sí 20 lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹnikẹ́ni tó tú ẹ̀bùn. Bí alẹ́ kan bá ti bọ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú ìgbà náà, ẹ má ka orí méjì papọ̀ láti san gbèsè rẹ̀. Orí tó kàn ni kí ẹ máa bá lọ, kí ìjọsìn má baà di ẹrù.

Ẹ má sì palẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ 26. Ọjọ́ 12 ni àwọn ìjọ àtijọ́ fi ń ṣe Kérésìmesì, títí di ọjọ́ 6 oṣù Kìíní, tí a fi ń rántí àwọn amòye láti ìlà-oòrùn. Ẹ ka ìtàn Síméónì àti Ánà nínú Lúùkù 2:22 sí 38, lẹ́yìn náà ẹ ka Mátíù 2, tí kò sọ iye àwọn amòye náà, tó sì sọ pé inú ilé ni wọ́n ti bá ọmọ náà. Ẹ fi ère wọn sí igun yàrá tó jìnnà jù, kí àwọn ọmọ máa sún wọn díẹ̀ lójoojúmọ́, gba ẹ̀gbẹ́ àga, gba abẹ́ tábìlì, títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ Jésù ní ọjọ́ 6 yẹn.