Ẹ Má Rò Ó Fún Wọn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ́ Ọmọ Girama Ní Ìtàn Amẹ́ríkà

Àwòrán kan wà tí kò sí tíṣà ìtàn Amẹ́ríkà tí kò mọ̀ ọ́n. Paul Revere, alágbẹ̀dẹ fàdákà ará Boston, ló tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́yìn tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, yìnbọn fún èrò ní Boston ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1770, tí èèyàn márùn-ún sì kú. Nínú àwòrán náà, àwọn sójà tò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Ọ̀gá wọn wà lẹ́yìn, ó na idà sókè. Àwọn ará ìlú tó wà níwájú wọn kò mú igi, wọn kò mú òkúta. Ajá kékeré kan tilẹ̀ dúró síbẹ̀ jẹ́jẹ́.

Àṣìṣe tó ń ba ìyókù jẹ́ nìyí: tíṣà á gbé àwòrán yìí síta, kí ọmọ kankan tó lanu, á ti ní, "Ẹ wò ó, irọ́ ni Revere fi èyí pa." Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé. Ó parí. Kí ni wọ́n rò níbẹ̀? Wọn ò ro nǹkan kan. Ohun tí ìwé sọ ni wọ́n kàn jù sílẹ̀, wọ́n mú ohun tí tíṣà sọ.

Ẹ gbé àwòrán náà fún wọn, kí ẹ sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko. Ìdákẹ́ yẹn máa ń nira fún àwa tíṣà ju ọmọ lọ, torí ó ti mọ́ wa lára láti rò pé tí kíláàsì bá ti pa rọ́rọ́, iṣẹ́ ò lọ. Iṣẹ́ ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá fún wọn ní ìpínrọ̀ kan nínú ohun tí ọ̀gá àwọn sójà náà, Captain Thomas Preston, sọ: pé àárín àwọn sójà òun àti èrò ni òun dúró sí, pé òun kò pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn, pé kùmọ̀ àti yìnyín ni àwọn èèyàn ń jù lù wọ́n. Ìpínrọ̀ kan ni mo wí o. Ẹni tó bá kó ojú ìwé mẹ́jọ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti lé e kúrò nídìí iṣẹ́ náà.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀pọ̀ tíṣà ń dúró síbẹ̀ yẹn: wọ́n rò pé tí ọmọ bá ti gbọ́ tẹnu ẹni méjì, àròjinlẹ̀ ti dé. Kò tíì dé. Tí àwọn ọmọ bá ka ọ̀rọ̀ Preston tán, kíá ni wọ́n máa ń gbà á gbọ́. Wọ́n á gbàgbé pé ẹjọ́ ikú wà lọ́rùn ọkùnrin náà nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá rán wọn létí, wọ́n á tún fò sí òdìkejì: "Gbogbo wọn ló ń parọ́, ta ló mọ òótọ́?"

Ibẹ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ tá a kọ́ láti máa fura sí gbogbo nǹkan kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ronú. Ó sì rọrùn láti tàn jẹ, torí nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti di irọ́ lójú rẹ̀, èyí tó bá wù ú ni yóò mú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kúrò níbẹ̀ láìwá ohun tí Revere àti Preston jọ gbà. Èrò kóra jọ, sójà yìnbọn, àwọn ará ìlú kú. Ibi tí ọ̀tá méjì bá ti fẹnu kò, ilẹ̀ ibẹ̀ le, èèyàn lè tẹ̀ ẹ́. Láti ibẹ̀ ni kí wọ́n ti lọ síwájú. John Adams, tó di ààrẹ kejì lẹ́yìn náà, ló gbẹjọ́ rò fún àwọn sójà yẹn. Wọ́n dá Preston sílẹ̀. Nínú àwọn sójà mẹ́jọ, wọ́n dá mẹ́fà sílẹ̀, wọ́n sì ní méjì jẹ̀bi ìpànìyàn, àmọ́ pé wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ gbìmọ̀ rẹ̀. Crispus Attucks, aláwọ̀ dúdú, wà lára àwọn tó kú. Ẹ ní kí àwọn ọmọ wá a nínú àwòrán Revere, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí.

Àmọ́ òwe agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá yẹn náà níbi tó mọ. Àwọn tíṣà kan, nítorí wọn ò fẹ́ wàhálà òbí, á pín kíláàsì sí méjì: ẹ̀yin apá ọ̀tún, ẹ ní ọ̀rọ̀ ẹrú ló fa Ogun Abẹ́lé tí àríwá àti gúúsù Amẹ́ríkà bára wọn jà, ẹ̀yin apá òsì, ẹ ní ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ láti dá ṣèjọba ara wọn ni. Ẹni tó bá lẹ́nu jù á sì borí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Nígbà tí Mississippi fẹ́ kúrò lára Amẹ́ríkà ní 1861, ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbólóhùn kejì ló ti sọ pé ọ̀rọ̀ òun àti ọ̀rọ̀ ẹrú kò ṣeé yà. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, Alexander Stephens, igbákejì ààrẹ àwọn ìpínlẹ̀ tó yapa, dúró ní Savannah, ó ní èrò pé aláwọ̀ dúdú kò bá òyìnbó dọ́gba ni ìpìlẹ̀ ìjọba tuntun àwọn. Ohun tí ẹlẹ́jọ́ ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ kì í tún ṣe àríyànjiyàn. Èyí tẹ́ ẹ lè ní kí wọ́n wádìí ni bí ìtàn ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ṣe gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ogun, àti ta ló ń jèrè rẹ̀.

Òmíràn wà tó máa ń dùn mí dọ́kàn: kí tíṣà ní kí àwọn ọmọ ṣeré ọjà ẹrú, kí ẹnì kan jẹ́ olówò, kí ẹnì kan jẹ́ ẹrú. Ọmọ aláwọ̀ dúdú inú kíláàsì ni ìtìjú rẹ̀ máa ń já lé lórí, àwọn yòókù á sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ìtàn ẹnì kan rọ́pò rẹ̀. Kossola ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis ní Amẹ́ríkà, ọmọ ilẹ̀ tó ti di Benin lónìí. Ouidah ni wọ́n ti rà á. Ọkọ̀ Clotilda ló gbé òun àti àwọn bí 110 wá sí ẹ̀gbẹ́ Mobile, ní Alabama, ní 1860, bẹ́ẹ̀ láti 1808 ni òfin ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀. Nígbà tí òmìnira dé, wọn ò rówó ọkọ̀ padà sílé. Wọ́n ní kí ẹni tó rán ọkọ̀ náà lọ fún wọn nílẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n fi òógùn ojú wọn ra ilẹ̀, wọ́n tẹ Africatown dó. Ní 1935 ni Kossola tó kú. Àwọn ọmọ Yorùbá tí mò ń kọ́ níbí kì í gbọ́ orúkọ yẹn kí wọ́n má na etí.

Ẹ má sì sọ Rosa Parks, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì ní 1955, di ìyá arúgbó tó kàn rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹni ọdún 42 ni, òun sì ni akọ̀wé ẹ̀ka NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní Montgomery, ní Alabama. Ní oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú rẹ̀, Claudette Colvin, ọmọ ọdún 15, ti kọ̀ láti dìde nínú bọ́ọ̀sì nílùú kan náà. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ni.

Àṣìṣe tó máa ń wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀ ni ìdánwò. Ẹ ti kọ́ ọmọ láti ronú láti oṣù Kẹsàn-án, ẹ wá bi í pé, "Ọdún wo ni Ààrẹ Lincoln kéde òmìnira fún àwọn ẹrú?" Ọdún yẹn ni yóò há sórí, yóò da ìyókù nù. Ẹ fún un ní ìwé tí kò rí rí. Nígbà kan, ibi tí ìkéde ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1863 ti to orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ tí òmìnira náà kàn ni mo fún wọn, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà nawọ́ sókè kọ ọ́ pé Kentucky àti Maryland kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń lo ẹrú níbẹ̀, wọ́n sì wà lábẹ́ ìjọba Lincoln. Ó wá béèrè ìdí tí ààrẹ fi kéde òmìnira fún ibi tí wọn ò ti ní í gbọ́ tirẹ̀, tó sì fi ibi tí wọ́n ti máa gbọ́ sílẹ̀. Mo fún un ní máàkì kíkún. Lọ́jọ́ kejì, ìbéèrè rẹ̀ ni mo kọ sójú pátákó.