Bí a ṣe ń wakọ̀ gba ojú ọ̀nà àtijọ́ láti Takayama dé Shirakawa-go

Ọ̀nà méjì ló wà láti ìlú Takayama dé Shirakawa-go, àgbègbè àwọn abúlé àtijọ́ láàárín àwọn òkè Japan. Títì márosẹ̀ á gbé yín débẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, ṣùgbọ́n abẹ́ òkè lẹ máa gbà. Ihò Hida nìkan gùn ju kìlómítà 10 lọ. Bó bá jẹ́ pé òkè lẹ wá wò, ẹ gba títì 158 dé Shokawa, kí ẹ wá yà sí 156 tó ń bá odò Sho lọ sí àríwá.

Ìwé ìwakọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú kí ẹ tó kúrò nílé. Nínú ìwé ìwakọ̀ àgbáyé, ti àdéhùn Geneva 1949 nìkan ni Japan ń gbà. Ti 1968 ni wọ́n ń fún àwọn ará wa ní Brazil, kò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń rìn: kò ní ṣòro fún ará London, àmọ́ kí ẹni tó ti Ìbàdàn tàbí Cotonou wá ṣọ́ra gan-an tó bá ń yà sọ́tùn-ún. Ẹ má fẹnu kan ọtí rárá. Èrò tó mọ̀ pé awakọ̀ ti mutí, tó ṣì ní kó gbé òun, jẹ̀bi pẹ̀lú.

Oṣù Karùn-ún dára, ìparí oṣù Kẹwàá tí ewé ń pọ́n tún dára jù ú lọ. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta, yìnyín á ti bo gbogbo ilẹ̀. Ẹni tí kò wakọ̀ lórí yìnyín rí, mo bẹ̀ ẹ́, kó wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹ rọ epo kún ní Takayama, torí ilé epo ò pọ̀ lọ́nà. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi jíà sílẹ̀ sí kékeré kí búréèkì má baà gbóná. Bí ará ibẹ̀ bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín, ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà kó kọjá. Níbi tí ẹ bá ti rí àmì pupa onígun mẹ́ta tó dorí kodò, ẹ dúró pátápátá.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ létí adágún Miboro. Nígbà tí omi ìdídò fẹ́ bo abúlé ibẹ̀, igi ṣẹ́rì méjì tó ti lé ní 400 ọdún ni wọ́n hú tegbòtegbò ní 1960, tí wọ́n gbé gun òkè. Wọ́n ṣì ń tanná títí dòní. Èmi ò ní dárúkọ ibòmíràn ṣáájú ibẹ̀ ní gbogbo ojú ọ̀nà yìí.

Tí ẹ bá dé Ogimachi, abúlé tó gbajúmọ̀ jù ní Shirakawa-go, ẹ má wakọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí Seseragi, kí ẹ fẹsẹ̀ rin afárá Deai kọjá odò. Òrùlé àwọn ilé náà ga ṣóńṣó bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀ láti gbàdúrà, kí yìnyín lè máa yọ̀ dànù. Koríko bíi bẹẹrẹ ni wọ́n fi bò ó, okùn ni wọ́n sì fi di igi rẹ̀, láìsí ìṣó. Lókè àjà ni wọ́n ti máa ń sin kòkòrò sílíìkì láyé àtijọ́. Tí òrùlé bá gbó, gbogbo abúlé á jáde wá bá onílé pààrọ̀ rẹ̀: yui ni wọ́n ń pè é, ọ̀wẹ̀ ni lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú ilé wọ̀nyí, ẹ má wọ ọgbà wọn lọ ya fọ́tò.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa bá 156 lọ sí àgbègbè Gokayama, níbi tí abúlé Suganuma àti Ainokura wà. UNESCO ka àwọn méjèèjì àti Ogimachi mọ́ ogún àgbáyé ní 1995. Láyé àtijọ́, nínú kòtò abẹ́ ilé ni wọ́n ti máa ń fi ewéko àti ìgbẹ́ kòkòrò sílíìkì ṣe èròjà ẹ̀tù ìbọn fún àwọn olóyè Kaga tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà.

Ainokura ni kí ẹ sùn. Nígbà tí àwọn tó wá wòran bá ti lọ, ẹ óò jókòó ti iná àárín ilé. Ilé díẹ̀ ló ń gba àlejò, nítorí náà ẹ tètè gba yàrá sílẹ̀.