Bí ariwo áńpílífáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe dákẹ́

Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni sípíkà wa fi ń kùn hùùù, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Mo pààrọ̀ wáyà sípíkà, mo yá áńpílífáyà mìíràn, pàbó ló já sí. Ìgbà tí mo yọ wáyà tó ti ara míkísà (ẹ̀rọ tó ń pa ohùn àwọn máíkì pọ̀) wá sínú áńpílífáyà tí ariwo náà sì dákẹ́ ni mo tó rí i pé sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó jìnnà síra ni ẹ̀rọ méjèèjì ti ń gba iná, tí wáyà ẹ́ẹ̀tì wọn (wáyà ààbò tó lọ sínú ilẹ̀) àti wáyà ohùn sì di òrùka kan tí ariwo iná mànàmáná (50 Hz) ń gbà wọlé. Mo pa wọ́n, mo so méjèèjì mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ó sì parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ẹ́ẹ̀tì kúrò, ó lè pa ènìyàn. Bí tiyín bá ṣì ń kùn lẹ́yìn tí ẹ yọ wáyà míkísà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kapásítọ̀ (èyí tó ń mú kí iná dúró déédéé) inú áńpílífáyà yín ló bàjẹ́.