Náítíréètì nínú omi kànga: ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ìdílé ní ilẹ̀ tí òjò ti wọ́n

Ìyá tí ó ń fún ọmọ ọwọ́ ní wàrà agolo máa ń fara balẹ̀ se omi kí ó tó fi po wàrà náà, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé omi híhó máa ń pa kòkòrò àìfojúrí. Àmọ́ náítíréètì kì í ṣe kòkòrò; ohun tí náítírójìn inú ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ máa ń dà nínú ilẹ̀ ni. Ó ti yòrò sínú omi bí iyọ̀ ṣe ń yòrò, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ahọ́n kò sì lè tọ́ ọ wò kí ó dá a mọ̀. Bí mílígíráàmù 45 rẹ̀ bá wà nínú lítà omi kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì se lítà márùn-ún títí ó fi ku mẹ́rin, omi nìkan ni ó bá ooru lọ. Náítíréètì yóò ti di mílígíráàmù 56 nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ sì ni 50 ni òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí omi mímu má kọjá. Álọ́ọ̀mù, kílórínì àti asẹ́ amọ̀ kò lè mú un kúrò.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni ewu yìí wà fún jù lọ. Nínú ara rẹ̀, náítíréètì máa ń yí padà di náítíráìtì, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé ọ́síjìn mọ́. Ní ọdún 1945, dókítà Hunter Comly ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí ara wọn ṣú bí aró nítorí omi kànga tí wọ́n fi po oúnjẹ wọn. Bí ètè tàbí èékánná ọmọ yín bá ń ṣú bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ sì sọ irú omi tí ó ń mu fún wọn. Ọmú ìyá kò ní ewu yìí nínú, kódà bí ìyá bá ń mu omi kànga náà.

Ní ilẹ̀ gbígbẹ, omi òjò tí ó ń dé ìsàlẹ̀ kéré, nítorí náà kò sí omi tó pọ̀ tó láti mú kí náítíréètì fẹ́lẹ́ nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran, ṣáláńgá àti ajílẹ̀ tí ohun ọ̀gbìn kò rí jẹ tán máa ń kó o jọ sábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí òjò ńlá kan yóò fi fọ̀ ọ́ lọ bá omi kànga. Ní Ramotswa, ní orílẹ̀-èdè Botswana, ṣáláńgá ni ó ba àwọn kànga ìlú jẹ́ tí wọ́n fi pa wọ́n tì ní àwọn ọdún 1990. A ti rí náítíréètì nínú àwọn kànga tí kò jìn ní agbègbè Sokoto náà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga ní mítà 30 ó kéré tán, kí ó wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kì í ṣe lókè. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì yí ẹnu kànga ká, kí ẹ sì gbé ọpọ́n tí màlúù fi ń mu omi jìnnà sí i, nítorí ibi tí ẹran bá ti ń mu omi ni wọ́n ti ń yàgbẹ́.

Ní ti ajílẹ̀, kílógíráàmù 23 náítírójìn ni ó wà nínú àpò yúríà kan tí ó wọn kílógíráàmù 50, ohun ọ̀gbìn kò sì lè jẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́bàá gbòǹgbò, ẹ má sì ṣe dà á nígbà tí òjò ńlá bá ń ṣú bọ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan ní Nìjẹ̀r máa ń fi ìdérí ìgò wọn ajílẹ̀ NPK, nǹkan bí gíráàmù mẹ́fà, sí ihò ọkà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mú èso wá.

Ẹ gbé omi yín lọ fún àyẹ̀wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ tún gbé e lọ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Bí náítíréètì bá kọjá mílígíráàmù 50 nínú lítà kan, ẹ wá omi mìíràn fún ọmọ ọwọ́ àti aláboyún. Ẹ lè fi ti kànga náà fọ aṣọ tàbí bomi rin oko, kí ẹ sì dín ajílẹ̀ kù níbẹ̀, nítorí pé omi náà ti gbé díẹ̀ lára rẹ̀ wá.