Ṣéènì tí wọ́n fà le jù: bí ìrìn ọjọ́ mẹ́rin lórí alùpùpù ṣe di ọjọ́ méje

Owó epo tí mo fi la orílẹ̀-èdè já láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kìlómítà 1,420, kò tó owó tí mo ná sórí ṣéènì, sípírókẹ́ẹ̀tì (àwo eléyín tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀), bíárìn kan (òrùka irin tó ń jẹ́ kí táyà yí geere) àti ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé alùpùpù mi nígbà tí kò lè dá rìn mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo pète. Ọjọ́ méje ni mo lò. Odindi ọjọ́ méjì nínú rẹ̀, orí àpótí igi ni mo jókòó sí níwájú ìsọ̀ mẹkáníìkì, tí mò ń wo ojú ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ kò ṣẹ̀yìn iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnìkan fi ìkánjú ṣe nígbà tó ku ọ̀la kí n gbéra.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ìwé máṣíìnì, àṣíborí, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ òjò gba àkókò yín. Ẹni tó bá ti ń gun alùpùpù mọ ìyẹn. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo yẹ táyà àti búréèkì wò, mo di ẹrù. Kílò 28 ni ẹrù náà: àpò kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Mo wọn gbogbo rẹ̀ kí ọ̀tún má baà wúwo ju òsì lọ, máṣíìnì náà kò sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan rí títí mo fi dé. Ìyẹn wú mi lórí títí dòní.

Ṣéènì nìkan ni mo gbé fún ẹlòmíì. Mo ní kí mẹkáníìkì náà yẹ̀ ẹ́ wò, bó bá ti gbó kó pààrọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọ̀nà jíjìn ni mò ń lọ, pé ẹrù á wà lẹ́yìn. Nígbà tó ń mú sípánà, mo tún un sọ. Ó gbé máṣíìnì sórí sítáàńdì ńlá láìsí ohunkóhun lórí rẹ̀, ó fi ìka gbọ́n ṣéènì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò tíì gbó o, ó kàn dẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n fà á le fún yín kó má baà bọ́ lọ́nà." Ó tú nọ́ọ̀tì áàsì, ìyẹn ọ̀pá irin tó gba àárín táyà ẹ̀yìn kọjá, ó yí bóòtù tó ń ti táyà sẹ́yìn lọ́tùn-ún lósì, ó dè é padà. Ṣéènì le gbọnyin. Mo sanwó, mo dúpẹ́.

Ọjọ́ kìíní dùn débi pé n kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Kìlómítà 340 ni mo rìn, mo sì ń sinmi lẹ́yìn wákàtí kan àbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ nígbà tí mo dúró lálẹ́, tí mo fọwọ́ kan ṣéènì, kíá ni mo fà á sẹ́yìn. Ó gbóná bí irin àdògán. Mo rò pé ọ̀nà tó jìn ló fà á. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti mú sípánà. Ṣéènì tó wà ní ipò tó yẹ lè lọ́wọ́ọ́wọ́, kì í jóni lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké wííí lábẹ́ mi. Bí mo bá sáré, ó ń lọ sókè. Bí mo bá dẹ̀ ẹ́, ó ń wálẹ̀. Mo gbé ojú àṣíborí sókè sílẹ̀, mo rò pé afẹ́fẹ́ ni. Nígbà tó yá, ibi tí mo gbé ẹsẹ̀ lé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ní kìlómítà 575, lórí òkè kan báyìí, mo wà ní jíà kẹta, mo gbọ́ "pàá!" Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, táyà kò sì gbà á mọ́. Mo rọra yà sẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ṣéènì mi ló nà gbalaja sórí ọ̀dà.

Ọlọ́run ló yọ mí. Ṣéènì tó bá já lè wé mọ́ táyà ẹ̀yìn kó sì dì í pa lórí eré, tàbí kó ká jọ sídìí sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú kó fọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Tèmi fò dànù sẹ́yìn ni.

Ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀, torí mo ní ojú ṣéènì kan, ìyẹn ẹyọ kan nínú àwọn ègé tí wọ́n so pọ̀ di ṣéènì, tí wọ́n ń fi kílíìpù dè, nínú àpò irinṣẹ́. Àwo ìta ló já, ojú kan péré yóò sì dí i. Mo jókòó sílẹ̀, mo ti píìnì méjèèjì wọlé, ihò ṣe rẹ́gí. Mo wá fẹ́ gbé àwo kejì lé e, orí píìnì kò yọ síta. Mo fi òòlù rọra kàn án, mo fi píláyà fún un, kò débi tí kílíìpù yóò ti wọ̀. Nígbà tí mo nu ojú náà dáadáa tí mo kà á, 420 ni wọ́n kọ sí i. Ṣéènì mi jẹ́ 428. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé ìkan náà ni.

Wọn kì í ṣe ìkan náà, ibi tí wọ́n bá sì pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó jẹ́ 4 ń sọ bí píìnì kan ṣe jìnnà sí èkejì: ìdá mẹ́rin nínú mẹ́jọ ínǹṣì, ìyẹn mílímítà 12.7. Ní ti èyí, àwọn méjèèjì dọ́gba, òun ló sì ń tan ojú jẹ. Nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ti fífẹ̀ inú rẹ̀. Inú 420 fẹ̀ ní mílímítà 6.35, ti 428 fẹ̀ ní 7.94. Ìyàtọ̀ tí kò tó mílímítà méjì ló sọ mí di ẹni tó ń na ọwọ́ sí ọkọ̀ akẹ́rù nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta.

Bàbá mẹkáníìkì tí akẹ́rù gbé mi lọ bá kò fi ìkánjú ṣe nǹkan. Kò fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì áàsì rárá. Ó mú ojú 428 kan nínú agolo rẹ̀, ó fi so ṣéènì náà padà bó ṣe wà, ó ní kí n fi ìka sí abẹ́ rẹ̀ láàárín méjì. Ó ṣì ń mì díẹ̀. Ó wá ní, "Ọmọ mi, kó ẹrù rẹ lé e, kí o sì gùn ún." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ ṣéènì náà, kò mì mọ́ rárá. Ó le bí okùn tí wọ́n so ewúrẹ́ tó ń jà mọ́. Bàbá wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran: ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi.

Sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú àti ibi tí apá tó di táyà ẹ̀yìn mú ti ń yí kì í ṣe ojú kan náà. Bí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn máṣíìnì wálẹ̀, áàsì ẹ̀yìn á sún kúrò lọ́dọ̀ sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú. Ìgbà tí sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, ibi tí apá ti ń yí àti áàsì ẹ̀yìn bá wà lórí ìlà kan ni ṣéènì máa ń le jù. Ẹni tó bá fà á le nígbà tí máṣíìnì ṣófo, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ti tì í sókè, kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ẹrù. Gbogbo kòtò tí mo bọ́ sí láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ṣéènì yẹn ló ń gbà á mọ́ra, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì.

Ìdí nìyí tí ṣéènì nìkan kò fi jẹ́ ìṣòro mọ́. Nígbà tí Bàbá di táyà ẹ̀yìn mú tó sì mì ín sí ọ̀tún sí òsì, ó ń dún kó-kó-kó. Bíárìn ti lọ. Eyín sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú ti tẹ̀ sí apá kan bí èékánná àṣá. Mo na ṣéènì náà sílẹ̀, mo wọn ojú 20. Tuntun yóò jẹ́ mílímítà 254. Tèmi jẹ́ 261. Òun ni ẹnìkan gbọ́n níka tó ní kò tíì gbó.

Bíárìn kò fún wa ní wàhálà. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀, 6301, ibikíbi tí ènìyàn bá sì ti rà á, ihò rẹ̀ á jẹ́ mílímítà 12, ìta rẹ̀ á jẹ́ 37, nínípọn rẹ̀ á jẹ́ 12. Láàárín wákàtí kan ó ti dé. Èmi fúnra mi ni mo kàn án wọlé, Bàbá dúró tì mí. Mo gbé bíárìn àtijọ́ lé tuntun lórí, mo ń fi òòlù rọra lu àtijọ́ náà yíká, kó lè jẹ́ pé etí ìta ni agbára ń bà. Bí ènìyàn bá lu etí inú, ó ti ba bíárìn tuntun jẹ́ kó tó wọlé. Nígbà tó jókòó, ohùn òòlù yí padà, ó dún gbì. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mo ń bínú.

Ṣéènì ló dá wa dúró. Máṣíìnì mi ń lo 428 olójú 132. Bàbá pe ẹni tó ń tà á, ó ka nọ́ńbà méjèèjì fún un létí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹnìkan gbé ṣéènì dé. 428 ni lóòótọ́, àmọ́ ojú 118 ló ní. A nà án yí sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì ká, ó kù ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kó tó pàdé. A dá a padà. Ọ̀sán, òmíràn dé, olójú 132. Mo kà á ẹ̀ẹ̀mejì, inú mi ti ń dùn. Bàbá gbé e lé sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, eyín kò wọ inú rẹ̀. Mo yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, 420 ni. Mo dìde lórí àpótí, mo rìn lọ sí títì, mo padà wá jókòó. Ẹnu mi kò lè gbé ọ̀rọ̀ jáde.

Ọmọ iṣẹ́ Bàbá ní ká gba olójú 118 padà, ká gé ojú 14 lára ṣéènì mi àtijọ́ lé e, á pé 132. Ìṣirò rẹ̀ péye. Bí kì í bá ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ara mi wọn ṣéènì àtijọ́ náà ni, ǹ bá gbà, torí ọjọ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n ojú tó ti nà àti ojú tuntun kò lè jùmọ̀ jókòó dáadáa sórí eyín kan náà. Gbogbo ìgbà tí àtijọ́ bá ti yí kan sípírókẹ́ẹ̀tì ni yóò máa fa eyín tuntun ya, ibi ìsopọ̀ méjì tó máa wà níbẹ̀ sì tún lè tú. Mo ní rárá. Mo fi gbogbo ọjọ́ kẹrin dúró. Àwọn alùpùpù ń kọjá níwájú mi, ẹlẹ́rù, aláìlẹ́rù, mo sì ń wo ṣéènì gbogbo wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni 428 olójú 132 tó wọlé, pẹ̀lú sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ẹni tó mú un wá sì gba owó ìrìnnà ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́wọ́ mi, tí àṣìṣe méjì àkọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀. Mo jiyàn. Mo san án. Ó ṣì ń dùn mí.

Bí a ṣe dè é lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣì ń ṣe é títí dòní. Ẹnu kílíìpù kọjú sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ tó dí kọjú sí ibi tí ṣéènì ń lọ, kí nǹkan má baà kọ́ ọ yọ. A kó ẹrù mi lé e, mo gùn ún, ọmọ iṣẹ́ náà wá ń wọn bó ṣe ń mì. A tún yí táyà díẹ̀díẹ̀ títí a fi rí ibi tó ti le jù, torí ṣéènì kì í dọ́gba yíká, níbẹ̀ la sì ti wọ̀n ọ́n. Ìwé máṣíìnì mi ní kó máa mì ní mílímítà 25 sí 35 láìsí ẹrù. Ti àwọn ẹlòmíì lè yàtọ̀. Láìsí ẹrù, a fi í sí 35, kó lè jẹ́ pé bí ẹrù bá gorí rẹ̀, àyè á ṣì wà. Ẹ wo àmì tó wà ní ìdí áàsì lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n dọ́gba kí ẹ tó de nọ́ọ̀tì.

Bí ẹ bá máa mú ojú ṣéènì dání, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ lára ṣéènì yín nílé, kí ẹ rí kílíìpù rẹ̀ wọ̀. Ẹ gbé rúlà lé ṣéènì fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìka sọ fún yín pé kò tíì gbó. Lálẹ́, nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, mo máa ń kán ọ́ìlì jíà sí etí inú rẹ̀ yíká, mo sì ń fi aṣọ nu èyí tó ṣẹ́ kù. Àárọ̀ kò dára fún un, torí bí ènìyàn bá gbéra lójú ẹsẹ̀, ó ń ta dà sára táyà ni.

Kìlómítà 845 tó kù, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí: 300, 330, 215. Òjò pa mí ní ọjọ́ kẹfà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ohùn wííí yẹn kò padà wá. Nígbà tí mo dé òpin ọ̀nà, tí mo pa ẹ́ńjìnnì, n kò tíì bọ́ àṣíborí tí mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mo fọwọ́ kan ṣéènì. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́.

Mo gbé ṣéènì àtijọ́ lọ bá mẹkáníìkì àkọ́kọ́. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹrù ń bọ̀ lórí rẹ̀. Mo ní mo sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun kò rántí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé máṣíìnì kan tó wà níbẹ̀ kúrò lórí sítáàńdì, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì gùn ún, mo wá fi ìka tirẹ̀ sí abẹ́ ṣéènì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí wọ́n gbé sípánà wá, kí wọ́n dẹ ti oníbàárà yẹn.

Kò dá owó mi padà. Ṣéènì tuntun náà ṣì wà lára máṣíìnì. Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ òní: ojú 20, mílímítà 255.