Bí mo ṣe pín ìpàdé ọ́fíìsì wa sí yàrá kéékèèké lórí Zoom

Kaṣú là ń rà, tí a sì ń tà fún àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun. Ọ́fíìsì wa wà ní Takie, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tó ń bá wa rà á wà ní Ìkòyí-Ilé, Ìrẹsà-Adú àti Orílé-Ìgbọ́n, akáǹtì wa, ẹni tó ń bá wa ṣírò owó, sì ti kó lọ sí Accra. Àárọ̀ Mọ́ńdé la máa ń ṣèpàdé lórí WhatsApp. Ìpè kan níbẹ̀ ń gba èèyàn 32, èyí sì ju iye wa lọ. Àmọ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù ló ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn ìyá tí wọ́n mọ kaṣú ju gbogbo wa lọ kì í sọ ju "ẹ kú ìpàdé o" títí a ó fi túká. Ó ń dùn mí gan-an ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ ọ̀gá wa pé kí wọ́n jẹ́ ká lo Breakout Rooms ti Zoom, èyí tó ń pín ìpàdé kan sí yàrá kéékèèké.

Ti ọ̀fẹ́ ni mo lò. Kì í kọjá 40 ìṣẹ́jú, nítorí náà mo ya 15 sọ́tọ̀ fún yàrá kéékèèké. Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé ni mo ti gbé láàpútọ́ọ̀pù, mo wọ zoom.us, mo lọ sí Settings, mo sì tan Breakout room níbẹ̀. Béèyàn ò bá kọ́kọ́ tàn án, bọ́tìnnì rẹ̀ kò ní yọjú nínú ìpàdé, bó ti wù kó wá a tó. Google Calendar ni mo fi pe gbogbo wọn, torí Accra fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa, Calendar á sì gbé aago ibẹ̀ fún akáǹtì fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa ń ké láti àárọ̀. Mo wọ Audio nínú Settings Zoom, mo gbé Background noise suppression, tó ń dín ariwo kù, sí High. Akáǹtì ní, "Ẹ ti níná ni?" Jẹnẹrétọ̀ yẹn ṣì ń ké.

Ibi tí mo fara balẹ̀ sí jù ni yíyan yàrá. Zoom lè pín àwọn èèyàn fúnra rẹ̀, ìwọ náà lè pín wọn, tàbí kí kálukú yan yàrá tó wù ú. Mo pín in fúnra mi, torí mi ò fẹ́ kí ọ̀gá wà níbi táwọn ìyá bá wà. Mo dá yàrá mẹ́ta, mo sọ wọ́n ní Kaṣú, Owó àti Ọkọ̀. Mo máàkì ibi tí yóò fi gbé olúkúlùkù wọlé láì jẹ́ pé wọ́n tẹ ohunkóhun, kí ojú fóònù má baà dààmú àwọn màmá. Mo sì ní kó ti yàrá lẹ́yìn 15 ìṣẹ́jú. Tí àkókò bá pé, yóò ka 60 ìṣẹ́jú àáyá fún wọn kó tó kó wọn padà.

Ẹni tó pe ìpàdé lè wọ yàrá yòówù. Nígbà tí mo dé yàrá Kaṣú, Màmá tó wà ní Ìkòyí-Ilé ló ń sọ̀rọ̀.

"Kaṣú tí wọ́n ń dá padà fún wa yẹn, kò ti oko bàjẹ́ wá. Wọ́n ṣà á lẹ́yìn òjò, wọn ò sá a, wọ́n wá dì í sínú àpò ọ̀rá. Ṣé kò ní bu ni?"

Ọmọkùnrin kan láti Orílé-Ìgbọ́n bi wọ́n pé, "Màmá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ kí ẹ tó sanwó?"

"Màá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, màá mì ín létí. Tó bá gbẹ, á máa dún woroworo. Tí ò bá dún, kí wọ́n lọ sá a wá."

Mo pa máíkì mi, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú gbogbo ìpàdé WhatsApp wa, ẹnikẹ́ni ò sọ èyí rí.

Mo fi Broadcast ránṣẹ́ sí gbogbo yàrá pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà tí a padà pàdé, Màmá tún un sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá sì gbà pé a ò ní gba kaṣú inú àpò ọ̀rá mọ́, àfi èyí tó bá wà nínú àpò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá.

Ẹnì kan bèèrè bóyá AI Companion, olùrànlọ́wọ́ AI ti Zoom, ò lè bá wa kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Nígbà tó jáde lọ́dún 2023, àwọn tó ń sanwó fún Zoom ni wọ́n fi kún tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní tèmi, Google Docs tó wa: yàrá kọ̀ọ̀kan yan akọ̀wé, gbogbo wọn ń kọ sínú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, Version history sì ń fi ẹni tó yí ọ̀rọ̀ padà hàn. Ohun tí Màmá sọ wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdé tó ń bọ̀, yàrá Ọkọ̀ ni mo fẹ́ fún ní àkókò tó pọ̀ jù, torí ọ̀rọ̀ owó epo àwọn awakọ̀ ò tíì yanjú.